Àárọ̀ Tí A Dé Kí Ẹ́ńjìnnì Tó Gbóná

Ìrọ̀lẹ́ ni mo ra ọkọ̀ ńlá àkọ́kọ́ tí mo ní. Ẹni tó bá ti ra tòkunbọ̀ rí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti fi nǹkan dídán pa táyà rẹ̀, wọ́n ti tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí n tó dé, òórùn lọ́fíńdà sì gba inú rẹ̀ kan. Mo wọlé, mo di sítíárín mú, mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń tàn yanran, inú mi dùn. Wọ́n ní "fọ́ọ̀sì bọ́dì" ni, pé wọn kò tún ara rẹ̀ ṣe rí, mo ní ó hàn bẹ́ẹ̀. Kò tó wákàtí kan tí mo fi sanwó. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà, torí ẹ̀bi wọn kọ́. Ẹ̀bi omi ni, ẹ̀bi ojú mi sì ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lọ́jọ́ tí oòrùn mú gan-an, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìyàwó mi ní ó dà bí aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ. Mo ní kó yé wá àlébù. Ní oṣù kejì, à ń bọ̀ láti Èkó lálẹ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Ògèrè ni, gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù bá tàn pọ̀, wọ́n sì kú pọ̀, iná iwájú náà bá wọn lọ. Àwọn ọmọ ń sùn lẹ́yìn. Mo rọra darí ọkọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ títì nínú òkùnkùn biribiri, tírélà ń kọjá lára wa, afẹ́fẹ́ wọn ń mi ọkọ̀ bí ẹni ń jọ̀ èlùbọ́. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí réwáyà ká kápẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ sókè, ẹrẹ̀ ni a bá níbẹ̀, ẹrẹ̀ tó ti gbẹ, tó kúnná bí ìyẹ̀fun. Ó fi ìka kàn án, ó ní, "Ọ̀gá, mọ́tò yìí ti wẹ̀ lódò rí."

Ibi tí irú wọn ti ń wá kò ṣòro mọ̀. Bí ìjì bá fi omi bo ìlú ní Amẹ́ríkà, bí Harvey ti ṣe Houston ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, àwọn adójútòfò á sanwó fún ẹni tó ni ọkọ̀, wọ́n á sì ta ọkọ̀ tó rì náà ní gbàǹjo. Ẹni tó rà á lè sá a gbẹ, kó fọ̀ ọ́, kó tì í wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó di ọ̀dọ̀ irú èmi. Mo ta tèmi ní ìdajì owó tí mo rà á fún ẹnì kan tó fẹ́ tú u tà ní ẹyọ ẹyọ, mo sì sọ ohun tó ṣe é fún un kó tó gbé e lọ.

Ọdún 2019 ni màmá mi kó láti Ìsẹ́yìn wá bá wa gbé n'Ìbàdàn. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì lè wọ ọkọ̀ kékeré tí mo ń wà nígbà náà láìpariwo "yéè". Èmi, ìyàwó mi, ọmọ méjì, àti Màmá: àwa márùn-ún. Gbogbo èèyàn ní kí n ra jíípù. Aládùúgbò wa fi tirẹ̀ gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan. À ń tì í látẹ̀yìn, à ń fà á láti iwájú, bí ẹni ń gbé àpótí aṣọ gun àkàbà. Nígbà tó délẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní, "Àkànní, èmi kì í ṣe àpò ìrẹsì o." Bí ọ̀rọ̀ jíípù ṣe parí nìyẹn. Ọkọ̀ tí kò ga nílẹ̀ ni a ó rà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fẹ̀.

Ní ilé wa níbí, Camry ni gbogbo èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. A sọ ọ́ lórúkọ ju bí a ṣe ń sọ ọmọ lọ: Big Daddy, Muscle, Spider. Mo wọ Muscle méjì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló mú ọkàn mi, ìyẹn Avalon. Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1994, ní Georgetown ní ìpínlẹ̀ Kentucky ni wọ́n ti ń tò ó, títí wọ́n fi pa á tì lẹ́yìn ti ọdún 2022. Èyí tó jáde láti 2005 sí 2012 ni mo ń wá. Ó gùn tó mítà 5, Muscle kò ju mítà 4.8 lọ. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà, lítà 3.5, agbára ẹṣin 268, ló wà nínú rẹ̀. Kí n má purọ́, agbára ẹṣin yẹn dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi gan-an ni pé ilẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú pátápátá, kò sí gegele gàgàrà láàárín, ẹ̀yìn àga ẹ̀yìn sì ṣeé dá sẹ́yìn díẹ̀. Mo mú tépù, mo wọn inú ọgbà wa láti ẹnu géètì dé ògiri kànga: mítà márùn-ún àbọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ní láti kúrò níbi tó wà.

Nígbà tí mo rí ọ̀kan, mo pe Alfa, mẹkáníìkì tí mo ń lò lẹ́yìn ọ̀ràn omi yẹn. Mo ní Alhájì tó ń tà á ní ká wá láago mẹ́wàá. Alfa ní, "A ó dé láago méje."

Ọmọ iṣẹ́ Alhájì la bá, ó ń gbálẹ̀. Ó kí wa dáadáa, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n tan án sílẹ̀ fún yín, kó lè gbóná." Alfa ní, "Má tan nǹkan kan o, àbúrò. Bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan ni kí o ṣí." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé orí ẹ́ńjìnnì. Ó tutù bí ìkòkò àmù. Ojú Alfa wá rọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibí ni owó wà. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná dà bí ẹni tó ti jẹun, kò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ebi ti ń pa á tẹ́lẹ̀. Bátìrì tó ti ń kú á tan án. Èéfín tó yẹ kó yọ á ti yọ tán. Ìró tó yẹ kí ẹ gbọ́ á ti dákẹ́. Kò sì sí ẹni tó lè ṣí rédíétọ̀ gbígbóná láìjẹ́ pé omi bó o lójú. Alfa ṣí rédíétọ̀ nígbà tó tutù yẹn, ó wo ojú omi rẹ̀ bóyá òróró léfòó, kò rí i. Ó yí ọmọrí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ kó lè wo abẹ́ rẹ̀. Bí omi bá ti ń dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, nǹkan funfun ńlẹ́ńlẹ́ bí ẹ̀kọ á ti lẹ̀ mọ́ ọn. Dúdú lásán ló wà níbẹ̀. Ó tún tan iná fóònù, ó na ọrùn bí ìjàpá sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń wá páìpù ọ́ìlì kan tí Toyota kọ́kọ́ fi rọ́bà ṣe apá kan rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di irin látòkè délẹ̀. "Irin ni," ó ní. "Ẹni tó ní in tẹ́lẹ̀ tọ́jú rẹ̀."

Kó tó di pé wọ́n tan án, ó ní kí ọmọ yẹn yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù á ti tàn, kó dúró síbẹ̀. A kà wọ́n. Iná ẹ́ńjìnnì wà, ti bíréèkì wà, ti apò afẹ́fẹ́ wà. Iná tí kò tàn rárá ló yẹ kó bà yín lẹ́rù ju èyí tó tàn tí kò kú lọ, torí àwọn kan máa ń yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má bàa rí ẹjọ́ tó ń rò. Lẹ́yìn náà ni Alfa gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí gbogbo wa dákẹ́. Ṣéènì ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì yìí, kì í ṣe bẹ́líìtì, ìró ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ ló sì máa ń tú àṣírí rẹ̀. Kódà ẹni tó ń gbálẹ̀ ní ìkejì wa dá ọwọ́ ìgbálẹ̀ dúró. Wọ́n tan án. Kò sí "gara-gara". Ó kàn gbọ̀n díẹ̀, ó sì jókòó. Alfa ti fi áńkáṣífù funfun bo ẹnu sàléńsà. Nígbà tó gbé e kúrò, omi díẹ̀ ló wà lójú rẹ̀, kò sí dúdú, kò sí ọ̀rá.

Ó wá ki ẹ̀rọ ìyẹ̀wò rẹ̀ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kò sí àṣìṣe kankan lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló mú kí Alfa fajú ro, torí ẹ̀rọ náà fi hàn pé ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí ọkọ̀ máa ń ṣe fúnra rẹ̀ kò tíì parí. "Wọ́n ti pa nǹkan rẹ́ láìpẹ́ yìí." Ọmọ iṣẹ́ náà ní Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pààrọ̀ bátìrì. Ó lè jẹ́ òótọ́: bí wọ́n bá yọ bátìrì, irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Alfa ní a ó tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí a bá wà á.

Ara ọkọ̀ ló kàn. Òòfà kékeré kan wà lápò Alfa, tó yọ lára sípíkà tó ti bàjẹ́, ó sì fi aṣọ wé e kó má bàa ha ọ̀dà. Ó ń gbé e lé ibi gbogbo, ó ń lẹ̀ pá, pá, pá. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ iwájú lọ́wọ́ ọ̀tún, òòfà náà já bọ́. Ó tún un gbé lé e, ó tún já bọ́. Pọ́tì ló wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn, kì í ṣe irin. A wo àwọn bóòtù tó di ìyẹ́ ọkọ̀ níbẹ̀ mú, sípánà ti bó ọ̀dà orí wọn. Ó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde pẹ̀lú eruku lórí, ó ní irin ìsàlẹ̀ tọ́, nǹkan kan ló kàn án, kì í ṣe pé ó forí sọ nǹkan. Fún èmi, "fọ́ọ̀sì bọ́dì" ti tán, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò tíì tán.

Èmi ni mo ṣe apá ti omi. Mo fa bẹ́líìtì ìjókòó márààrún jáde títí dé ìdí, torí ẹni tó ń fọ ọkọ̀ kì í rántí ibi tó wà ní kíká. Bí omi bá ti dé ibẹ̀ rí, ilà ẹrẹ̀ á wà lára rẹ̀. Mo ṣí kòtò tí wọ́n ń tọ́jú táyà àfipamọ́ sí nínú búùtù, mo fi ìka nu ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ kí n lè wo àwọn bóòtù tó di àga mọ́lẹ̀ bóyá wọ́n dípẹtà. Mo fi imú mi sun kápẹ́ẹ̀tì bí ajá ọdẹ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rín, wọn kò dé Ògèrè pẹ̀lú mi.

Nọ́ńbà ṣásí ọkọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú níhà awakọ̀, ó tún wà ní etí ilẹ̀kùn awakọ̀, méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára mu. Ìkẹwàá nínú rẹ̀ ló ń sọ ọdún: 7 ni 2007, 8 ni 2008, nígbà tó di 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo A. Alhájì ti sọ fún mi lórí fóònù pé 2007 ni. 6 ni mo bá níbẹ̀. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Houston lórí WhatsApp, ó sì sanwó wo ìtàn ọkọ̀ náà lórí Carfax. Kò sí pé omi gbé e rí, ìjàǹbá kékeré kan wà níbẹ̀, máìlì tí wọ́n kọ sílẹ̀ kẹ́yìn sì kéré díẹ̀ sí 121,400 tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Máìlì ni o, kì í ṣe kìlómítà. Ìyẹn tó nǹkan bíi kìlómítà 195,000. Mo ti rí ẹni tó ka máìlì bíi kìlómítà tó ń dúpẹ́ pé ọkọ̀ òun kò tíì rin ìrìn púpọ̀.

Alhájì dé láago mẹ́wàá ku díẹ̀, nínú àgbàdá funfun. Ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí, ó wo àga tí a ti yí, ó wo Alfa tó dọ̀tí, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ṣé ẹ fẹ́ ra mọ́tò ni, àbí ẹ fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ abẹ?" A jọ rẹ́rìn-ín. Èèyàn dáadáa ni, ó kàn ń ṣòwò ni.

A wà á gba Bẹẹrẹ lọ sí Òkè Màpó. Bí jíà bá ń yọ̀, òkè yẹn á sọ fún yín, torí ẹ ò lè fi ẹ̀tàn gùn ún. Mo dúró ní agbede méjì òkè, mo tún gbéra. Ó fà láìjá, jíà ń bọ́ síra wọn bí ẹni ń mu ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà a jáde sí Tóògéètì, mo sáré díẹ̀, mo jọ̀wọ́ sítíárín fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kò fà sí ẹ̀gbẹ́. Ní ibi tó gbòòrò, mo yí i délẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì bóyá ẹsẹ̀ táyà á ké "kó-kó-kó". Kò ké. Ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ló ń dún bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn tí a bá wọ kòtò. Alfa tún ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ̀ ọ́, àyẹ̀wò mẹ́ta ti parí, kò sì sí àṣìṣe.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́, ibi tí mo dúró nìyí, àní n kò tilẹ̀ dé ibí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bẹ Alhájì pé kó jẹ́ kí a gbé e dé ilé wa, kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé wa. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀. Mo ní màmá mi ló fẹ́ wò ó. Ó ní, "Màmá? Ẹ máa gbé e lọ."

Màmá jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, kò sọ nǹkan kan. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fúnra rẹ̀. Ó fi ìdí jókòó ná, ẹsẹ̀ méjèèjì ṣì wà nílẹ̀ níta, ó fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, ó gbé tòsì tẹ̀ lé e. Kò pariwo "yéè". Mo ń ka ìṣẹ́jú àáyá lọ́kàn mi, kò tó mẹ́wàá. Mo fi bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀yìn àga sẹ́yìn hàn án. Ó dá a sẹ́yìn, ó pa ojú dé. Àwọn ọmọ wọlé tì í, èyí àbúrò bọ́ sáàárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ lórí ilẹ̀ láìgun òkè kankan. Màmá ní, "Èyí mọ èèyàn lágbà."

Ìyàwó mi kò bá wa sọ̀rọ̀. Ó ti lọ gbé kúlà ńlá rẹ̀ wá, èyí tó fi ń kó oúnjẹ lọ sí òde àríyá lọ́jọ́ Sátidé, torí iṣẹ́ tí ó ń ṣe kún iṣẹ́ olùkọ́ nìyẹn. Inú búùtù náà jìn, ó gbà wá bí yàrá. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ga tó. Kúlà náà kọ́ ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí wọn kò pè síbi àsè. Ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó tún yí i, ó wọlé nígbà tó dùbúlẹ̀. "Ọbẹ̀ á wá dùbúlẹ̀ náà nìyẹn?" ló bi mí. Àga ẹ̀yìn náà kò ṣeé ká lulẹ̀, ihò kékeré kan ni wọ́n fi sáàárín rẹ̀. Èmi ti wo búùtù yẹn lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ní "búùtù ńlá", mo sì pa á dé. Ẹni tó ni kúlà ló rí ẹnu rẹ̀. A gbà pé òun á ra kúlà méjì kéékèèké, èmi ni n ó sanwó wọn.

Alhájì ti pè é ní mílíọ̀nù 2.6. Mo fi ọdún 2006 sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo fi pọ́tì tẹ̀ lé e, mo fi ṣọ́ọ̀kù kádìí rẹ̀. Ó ń bú Alfa tẹ̀ríntẹ̀rín. A parí rẹ̀ sí mílíọ̀nù 2.3, lẹ́yìn tí mo ti rí ìwé owó aṣọ́bodè rẹ̀ tí nọ́ńbà ṣásí orí rẹ̀ sì bá ti ara ọkọ̀ mu lẹ́tà sí lẹ́tà.

Àwa tí a wo gbogbo rẹ̀ yìí, a fo táyà. Eyín wọn pé, wọ́n dúdú mìnìjọ̀, ojú wa sì kọjá lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni fọ́kánáísà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi òǹkà mẹ́rin tó wà létí ọ̀kan hàn mí: 0811. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ọdún 2011. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ ti gbó pọ̀, rọ́bà wọn ti ń ya wẹ́wẹ́ létí. Mo ra mẹ́rin tuntun, owó tí mo fi ìdúnàádúrà gbà lọ́wọ́ Alhájì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dínkù sí ìdajì.

Epo ni èkejì, ìyẹn kì í sì í ṣe pé mo fò ó, mo fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ ni. Tanki rẹ̀ ń gba nǹkan bíi lítà 70. Nígbà tí lítà kan jẹ́ náírà 145, n kò ná ju 10,150 lọ láti kún un, agbára ẹṣin 268 sì ń dùn mọ́ mi títí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan fò kọjá náírà 480. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ kékeré ló ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́. Avalon ń jáde lọ́jọ́ Àìkú, tàbí bí a bá ń lọ sí Ìsẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n láwọn ọ̀sán kan, tí ooru bá mú, mo máa ń tan án kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ má bàa sùn jù. Bí Màmá bá ti gbọ́ ìró rẹ̀, á jáde, á fi ìdí jókòó ná, á kó ẹsẹ̀ wọlé, á dá ẹ̀yìn àga sẹ́yìn. "Àkànní, tan ẹ́sì." Mo ní, "Màmá, a ò lọ síbì kankan o." Ó ní, "Ta ló ní a ń lọ?"